Immune booster olóṣù méjì: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ìdérí ló gba ọ̀kan níbẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa kí ẹ má bàa ní mo kórìíra wọn. Ike yẹn le dáadáa, ìdérí ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí i, ọmọdé ò lè rí i ṣí láéláé, èmi gan-an tí mo ti dàgbà mi ò rí i ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Hóró 120 ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀, mo jókòó mo kà á, ó pé. Méjì lójúmọ́ fún oṣù méjì. Kò rùn, kì í há èèyàn lọ́fun. Wọ́n sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sára ike pẹ̀lú iye mílígíráàmù, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà o, àmọ́ wọ́n kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, àwọ̀ ike ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá wọn fà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú, pẹ̀lú àwòrán apata: "Ó ń fi agbára kún gbogbo ọmọ ogun ara rẹ." Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ àìsàn ni wọ́n ń pè ní ọmọ ogun yẹn.

Ọ̀fìnkìn ló lé mi débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ọ̀kan ò tíì lọ tán tí òmíràn á fi wọlé, ikọ́ ò jẹ́ kí n sùn, imú mi ti bó tán nítorí fífọn, mo wá rò ó pé àwọn ọmọ ogun tèmi ti sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọ́n nílò ẹni tó máa ta wọ́n jí. Mo rí ìpolówó ẹ̀ lórí fóònù láago méjì òru, mo rà á. Ẹni tí ikọ́ ò jẹ́ kó sùn láago méjì òru, kò sí ohun tí kò lè rà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó rí ike yẹn lórí tábìlì mi, ó gbé e, ó kà á títí, ó wá ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo ní, "Èwo bíi ti báwo, ẹ̀gbọ́n mi? Àbí ẹ ò ka iwájú ẹ̀ ni?"

"Mo kà á. Wọ́n ní àwọn á fi agbára kún ọmọ ogun ara ẹ. Èwo nínú wọn ni? Ṣé o rò pé oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n ni? Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa di àwọn yòókù lọ́wọ́ mú. Ṣé àwọn yẹn náà lo fẹ́ fún lágbára?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó gbé ike sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ, àmọ́ ìbéèrè yẹn ló ba ọjà yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ gbé hóró méjì mì, mo á máa bi í pé ta ni mò ń rán ẹ sí báyìí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ fi owó yín sápò.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń débi ìjà ni wọ́n ń pè ní neutrophil. Àwọn ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ó kéré tán ìdajì wọn. Mùdùnmúdùn inú egungun àgbàlagbà ń ṣe tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 wọn lójúmọ́, torí wọn kì í pẹ́ láyé rárá. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ tí ibẹ̀ wá ń ṣọyún, òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ọyún yẹn. Wọ́n á gbé kòkòrò mì, wọ́n á da kẹ́míkà lé e lórí nínú ikùn wọn, ìgbà míì wọ́n á tú okùn DNA ti ara wọn síta bí àwọ̀n apẹja kí wọ́n fi há kòkòrò mọ́bẹ̀, àwọn tó bá ṣe báyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni ìyẹn ń pa. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ilya Metchnikoff ló jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ń gbé nǹkan mì láti fi gbèjà ara: ní 1882, ní Messina ní Ítálì, ó ki ẹ̀gún bọ ara ọmọ ìràwọ̀ òkun, ẹran inú omi kan ni, ara ẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí inú ẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ya bo ẹ̀gún yẹn. Wọ́n fún un ní Nobel ní 1908. (Ìràwọ̀ tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ju méjì tí mo fún kiní yìí lọ.)

Ẹ wá wò ó, ṣé àwọn yìí ni ká fi agbára kún? Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà yẹn ò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ẹran ara yín o. Ibi tí wọ́n bá ti jà, ẹran ara náà á fara gbá níbẹ̀, ara ìdí tí ojú egbò fi ń wú, tó ń gbóná, tó ń ta èèyàn nìyẹn. Èmi tèmi, mo fẹ́ kí wọ́n dé kíá, kí wọ́n jà, kí wọ́n sì tètè kúrò níbẹ̀. "Tètè kúrò níbẹ̀" ò sí lára ike.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀tá mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ò lójú, kò létí, kò ní imú, àmọ́ ara ẹ̀ kún fún àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, tí ohun tó bá a mu bá kó síbẹ̀, ìròyìn á wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ pé nǹkan ti dé. Àwọn neutrophil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń gbé inú ẹran ara, ìyẹn macrophage, wọn ò mọ kòkòrò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àmì ìdílé ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rá kan wà lára èèpo ọ̀pọ̀ bakitéríà tí kò sí lára ọmọ èèyàn rárá, ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́ wà, RNA olókùn méjì tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì máa ń fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bí sí i wà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń fọwọ́ bà tí ara wọn á fi gbóná, kòkòrò ò sì lè bọ́ wọn sílẹ̀ bọ̀rọ̀ torí òun gan-an nílò wọn láti fi wà láàyè. Ara eṣinṣin kéékèèké ni wọ́n ti kọ́kọ́ já ọ̀rọ̀ yìí: ní 1996 Jules Hoffmann àtàwọn èèyàn ẹ̀ rí i pé eṣinṣin tí kiní kan tó ń jẹ́ Toll ò bá ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, olú inú afẹ́fẹ́ lásán á bò ó, á pa á. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, Bruce Beutler rí ìbátan Toll yẹn lára eku, òun ló ń dá ọ̀rá ara bakitéríà mọ̀. Àwọn méjèèjì gba Nobel ní 2011, wọ́n fi ẹnì kẹta kún un, Ralph Steinman, tó rí dendritic cell ní 1973, àṣé ọkùnrin náà ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àwọn tó ń fún un ò sì mọ̀. Wọn kì í fún òkú ní Nobel, àmọ́ wọ́n ní kí tiẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí bákan.

Dendritic cell yẹn ni agbọ̀rọ̀sọ. Ó ń gbé abẹ́ awọ, inú imú, inú ìfun, ó á gbé kòkòrò mì, ó á gé e wẹ́wẹ́, ó á pàtẹ àjákù ẹ̀ sára, ó á wá gbéra ó di inú kókó ọrùn, ti abíyá, ti abẹ́ ìtan. Kókó tó máa ń so lábẹ́ àgbọ̀n yín tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn yín, ìpàdé ló ń lọ níbẹ̀. Àwọn tó wá ń bá ṣèpàdé ni T-cell àti B-cell, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun méjì míì, ibí yìí gan-an sì ni orí mi ti kọ́kọ́ fò lọ.

Kálukú T-cell ní oríṣi ihò kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ṣètò ẹ̀, bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ báyẹn: sẹ́ẹ̀lì á gé jíìnì ara ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á tún un so bó ṣe wù ú, ohun tó bá já sí náà ló já sí. Susumu Tonegawa ló fi èyí hàn ní 1976, lọ́dọ̀ àwọn B-cell, wọ́n fún un ní Nobel ní 1987. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi wà lára yín báyìí tí ihò wọn bá fáírọ́ọ̀sì kan mu tí kò tíì dáyé. Àmọ́ tẹ́tẹ́ ni o, àwọn míì á bá ẹ̀dọ̀ yín mu, àwọn míì á bá oríkèé yín mu, ta ló fẹ́ irú ìyẹn? Torí ẹ̀ ni ẹ̀yà ara kan fi wà lẹ́yìn egungun igbá àyà, thymus ni wọ́n ń pè é, títí di 1961 tí Jacques Miller fi ìwúlò ẹ̀ hàn, ọ̀pọ̀ dókítà rò pé kò wúlò. Ibẹ̀ ni T-cell ti ń ṣèdánwò. Ìdánwò kìíní, ṣé o tiẹ̀ lè di àwo tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń pàtẹ mú? Ẹni tí kò lè dì í mú, kó kú. Ìkejì, ṣé o ń di nǹkan ara wa mú ju bó ṣe yẹ lọ? Ẹni tó bá ń dì í jù, òun náà kó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, àwọn tó ń jáde láàyè kì í ju bíi márùn-ún lọ. Ẹ rò ó wò ká sọ pé èèyàn wá da "agbára" sílé ẹ̀kọ́ yẹn kí gbogbo wọn lè yege.

Mo mẹ́nu ba àwo. T-cell kì í rí fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, àfi tí wọ́n bá pàtẹ àjákù ẹ̀ fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara yín ló ní àwo lójú ìta tí wọ́n ń kó àjákù ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé sí, bí ìgbà tí wọ́n ní kí kálukú kó ẹrù inú báàgì ẹ̀ síta kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Rolf Zinkernagel àti Peter Doherty ló já a ní Canberra ní Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Nobel tiwọn dé ní 1996. Tí T-cell tó jẹ́ apànìyàn bá yẹ àwo wò tó rí i pé àjákù fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn ti di ilé iṣẹ́ ọ̀tá, á lu ara ẹ̀ lihò, á sì fi nǹkan ránṣẹ́ sínú tó máa ní kó pa ara ẹ̀ jẹ́jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà gbọ́n, àwọn kan máa ń kó àwo yẹn pamọ́ kí T-cell má bàa rí nǹkan kan. Ó dáa, àwọn míì ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní NK cell, iṣẹ́ tiwọn gan-an ni kí wọ́n máa wo ta ni kò gbé àwo síta. Ẹ ò gbé àwo síta? Kí lẹ ń fi pamọ́? Wọ́n á pa á. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní ta ló ronú irú èyí.

B-cell ní tiẹ̀ kò nílò àwo, nǹkan odindi ni ihò tiẹ̀ ń dì mú. Tó bá rí èyí tó bá a mu, tí T-cell olùrànlọ́wọ́ sì fọwọ́ sí i, á pọ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í da antibody, ìyẹn nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò, sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í yá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó gbóná dáadáa, ìgbà kejì ló máa ń yá torí àwọn kan nínú wọn á ṣẹ́kù sílẹ̀ tí wọ́n máa rántí. Ìrántí yẹn kì í ṣe kékeré. Ní 1846, èèyi, èyí tí òyìnbó ń pè ní measles, jà ní erékùṣù Faroe, dókítà ará Denmark kan tó ń jẹ́ Peter Panum lọ síbẹ̀, ó rí i pé àwọn arúgbó tí èèyi ti ṣe ní 1781 kò ní in rárá nígbà tó tún dé, ọdún 65 ti kọjá láàárín. Ọdún 65! Mi ò rántí ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ mi sí láàárọ̀ yìí.

Ó wá ku àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Treg ni wọ́n ń pè wọ́n, T-cell ni àwọn náà, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ fún àwọn yòókù pé ó tó, ẹ simi. Shimon Sakaguchi ló fi wọ́n hàn kedere ní 1995, àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, 2025 ni Nobel tiẹ̀ tó dé, òun àti Mary Brunkow àti Fred Ramsdell tí àwọn rí jíìnì tó ń darí àwọn Treg yìí. Ọmọ tí jíìnì yẹn bá bà jẹ́ lára ẹ̀, ọmọ ogun ara ẹ̀ á dojú kọ ìfun ẹ̀, awọ ara ẹ̀, ibi tí ara ti ń ṣe insulin, àfi kí wọ́n tètè tọ́jú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ ogun ọmọ yẹn ò lágbára. Agbára ló wà níbẹ̀, ẹni tó máa ní ó tó ni kò sí.

Nítorí náà nígbà tí ike bá ní "gbogbo ọmọ ogun", tó bá fi agbára kún neutrophil tó tún fi kún Treg, ṣé kì í ṣe pé èèyàn tẹ gáàsì tó tún tẹ búrékì lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Mo bi wọ́n o. Mo kọ̀wé sí àwọn kọ́sítọ́mà kéà wọn, mo kí wọn dáadáa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ èwo nínú sẹ́ẹ̀lì ara ni ọjà yín ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì: "Immune system yín lápapọ̀ ni mà." Mo ní ṣé àwọn tó ń dá àwọn yòókù dúró wà lára "lápapọ̀" yẹn? Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. "Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín mà. Ohun àdáyébá ni gbogbo èròjà wa." Wọ́n wá fi kún un pé tí n bá ra ike méjì pọ̀ wọ́n máa bá mi dín in kù. Mi ò bínú sí ẹni tó ń dáhùn o, wọ́n fún un ní ìwé tó máa kà ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kò sóhun tó lè fi agbára kún ọmọ ogun ara ní tòótọ́, ó wà. Ẹ jẹ́ n sọ ti London fún yín. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé T-cell á gbọ́ nǹkan méjì kó tó gbéra: ìkíní, ihò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á rí ohun tó bá a mu, ìkejì, dendritic cell á fi ọwọ́ sí i níbòmíràn lára ẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà gidi ni. Oògùn kan wá tí wọ́n ń pè ní TGN1412, ibi ìkejì yẹn ló ń dì mú, ó sì ń dì í mú débi pé T-cell á gbéra láìbéèrè ìkíní rárá. Oṣù kẹta 2006 ni wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le koko, iye tí wọ́n fún wọn sì jẹ́ ìdá kan nínú 500 èyí tí kò ṣe ẹranko nǹkan kan. Kò tó wákàtí méjì tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ara gbóná, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín wọn kọ iṣẹ́, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dèrò ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè. Wọn ò kú, a dúpẹ́, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò sí kòkòrò kankan lára wọn o. Ogun wọn gan-an ló jà wọ́n.

Àwọn oògùn kan tún wà fún àìsàn jẹjẹrẹ tó ń tú búrékì ara T-cell, torí jẹjẹrẹ máa ń tẹ búrékì yẹn kí T-cell lè fojú fò ó dá. James Allison àti Tasuku Honjo gba Nobel 2018 lórí ìyẹn, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ẹ lọ bi àwọn tó gbà á nípa ìgbẹ́ gbuuru, ara yíyún, ọ̀nà ọ̀fun tí thyroid ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Booster tòótọ́ nìyẹn, dókítà ló ń fúnni, wọ́n sì ń ṣọ́ èèyàn bí ẹyin. Èyí tí wọ́n ń tà lórí fóònù láago méjì òru tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ bi ara yín pé kí ló fà á.

Ká wá sọ ti èròjà. Fítámì C 1000 mílígíráàmù lójúmọ́, zinc 50, ewé echinacea, àti "àdàpọ̀ àkànṣe wa" tí wọn ò tú palẹ̀. Fítámì C, ẹni tó jẹ́ kó gbajúmọ̀ fún ọ̀fìnkìn ni Linus Pauling láti 1970, ọkùnrin tó gba Nobel lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀fìnkìn. Wọ́n ti dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn látìgbà náà: ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn ju ẹni tí kò lò ó lọ, kìkì pé ọ̀fìnkìn àgbàlagbà á dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́wàá á di mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Àwọn tó jàǹfààní gidi ni àwọn sárésáré ọ̀nà jíjìn àtàwọn sójà tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó le. Mi ò sí lára wọn, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ara ò sì lò, inú ìtọ̀ ló ń bá lọ.

Zinc ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ẹni tí zinc ò tó lára ẹ̀, thymus ẹ̀ á sún kì, T-cell ẹ̀ á dín kù, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ zinc ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ tó ń ṣu gbuuru, Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ní kí wọ́n fún wọn ní zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, mi ò bá ìyẹn jà. Àmọ́ èyí tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ ò ju 8 sí 11 mílígíráàmù lọ, 40 sì ni òté tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà, 50 ni ike yìí ń fún mi. Tí zinc bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ara gba bàbà, tí bàbà bá sì wọ́n lára, ẹ mọ ohun tó máa ń dín kù? Neutrophil. Booster tó lè lé àwọn tó kọ́kọ́ ń débi ìjà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta ránṣẹ́ padà, ó ní "Àbúrò, o ti rí èwo nínú wọn báyìí." Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé ẹyọ kan mì dípò méjì.

Èsì ńkọ́? Oṣù méjì tó yẹ kó jẹ́ wá di bí oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ nítorí ẹyọ kan yẹn, ọ̀fìnkìn ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀. Mi ò lè fi ara èmi nìkan jẹ́rìí pé kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ní ọ̀fìnkìn àwọn lọ lọ́jọ́ keje ò lè fi tiwọn jẹ́rìí, torí ọ̀fìnkìn máa ń lọ lọ́jọ́ keje. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tiẹ̀ wá bí mi nínú, mo dùbúlẹ̀, imú ń ṣàn, ara gbóná, mo wá rántí pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ikun tó ń ṣàn, ara tó ń gbóná, ọ̀nà ọ̀fun tó wú, àwọn ọmọ ogun tèmi ló ń ṣe é. Wọn ò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ká sọ pé ike yẹn ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni, imú mi ì bá tún ṣàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni mo lè ní kó rà á? Ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé nǹkan kan nínú ẹ̀ ò tó lára ẹ̀, kó kàn ra nǹkan kan yẹn, kó bi dókítà ẹ̀. Ẹni tó bá ní lupus tàbí àìsàn míì tó jẹ́ pé ọmọ ogun ara ló ń bá ara jà, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sá fún ohunkóhun tí wọ́n bá kọ booster sí lára títí ẹ máa fi bi ẹni tó ń tọ́jú yín. Tó bá jẹ́ ohun tó máa kọ́ àwọn ọmọ ogun yẹn níṣẹ́ lẹ ń wá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà fún ìyẹn, òun nìkan sì ni ọjà tí mo mọ̀ tó lè dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi: B-cell àti T-cell tí ihò wọn bá kòkòrò báyìí-báyìí mu, àwọn yẹn nìkan, àwọn yòókù kí wọ́n jókòó. Irú ẹ̀ ló pa ṣànpọ̀nná rẹ́ tí wọ́n fi kéde ní 1980 pé kò sí mọ́ láyé.

Ìràwọ̀ kan fún pé wọ́n kọ iye mílígíráàmù síta tí mo fi lè mú wọn, ìràwọ̀ kan fún ìdérí. Mo ti fọ ike náà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi ló wà nínú ẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ ilé ti gbìyànjú títí, kò sẹ́ni tó rí i ṣí.